Jẹ́lé-ó-sinmi tí kì í jẹ́ kílé ó sinmi

Àwọn tó sọ ilé-ìwé ọmọ wẹ́wẹ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó jí láàárọ̀, tó fọ́ ife, tó da epo sílẹ̀, tó tún lọ fa irun ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àfi kí wọ́n yáa gbé e lọ síbì kan kílé lè sinmi díẹ̀. Bàbá á gba ibi iṣẹ́ lọ, ìyá á gba ọjà lọ, ó di ọ̀sán kí wọ́n tó tún fojú kan ọmọ. Owó ni wọ́n fi ń ra ìsinmi yẹn. Ẹni tó bá sì ti san owó ọmọ tiẹ̀ tán, kò sẹ́ni tó máa ní kó wá gbálẹ̀ kíláàsì.

Ṣùgbọ́n irú jẹ́lé-ó-sinmi kan wà tí kì í jẹ́ kílé ó sinmi. Àwọn òbí fúnra wọn ló ń dá a sílẹ̀, àwọn ló ni ín, àwọn ló ń gba tíṣà. Àwọn náà ló tún ń pín ọjọ́ láàárín ara wọn láti wá jókòó ti àwọn ọmọ, kí wọ́n ran tíṣà lọ́wọ́, kí wọ́n nu imú, kí wọ́n fọ ìdí, kí wọ́n sì gbálẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá lọ sílé tán. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni, bíi ti àwọn àgbẹ̀ kòkó, àfi pé ọmọ ni wọ́n kó jọ níbí. Owó rẹ̀ kì í tó ti ilé-ìwé aládàáni, nítorí pé àwọn òbí ń fi ara wọn ṣe iṣẹ́ tí wọn ì bá fi owó gba èèyàn sí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan á ní kí ló tún dáa tó èyí. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wọlé tọ tọkọtaya kan ná.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ àti ìyàwó kan ní ìlú Ìyere, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, fi ṣe àpẹẹrẹ. Kẹ́nikẹ́ni má wulẹ̀ wá ilé wọn kiri o, irú wọn kún àdúgbò. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ọ̀wọ̀, aago mẹ́jọ gbọ́dọ̀ bá a lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀kadà ló sì ń gùn lọ. Ìyàwó ń ra gààrí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ti oko bọ̀, ó ń kó o lọ sọ́jà. Ìbejì ni wọ́n bí, àwọn ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ta, ilé ò sì gbà wọ́n mọ́. Ìyá ọkọ, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, wà lọ́dọ̀ wọn. Níbi tí wọ́n ti ń wá ilé-ìwé kiri ni ìdílé mẹ́sàn-án kan ti wá bá wọn pé káwọn jọ dá ọ̀kan sílẹ̀: kí wọ́n gba yàrá kan, kí wọ́n gba tíṣà kan tó mọṣẹ́, kí òbí méjì-méjì sì máa wá ràn án lọ́wọ́ lójoojúmọ́.

Inú Bàbá Ìbejì dùn. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, èyí gan-an là ń wá. Owó orí ọmọ méjì kì í ṣe kékeré nílé-ìwé aládàáni. A ò ní í san tó bẹ́ẹ̀ níbí yìí."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Bàbá Ìbejì. Ta ló máa lọ jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kàn wá?"

"Ṣé ìwọ kọ́ ni? Àbí ọ̀gá mi ló máa lọ?"

"Ta wá ló máa lọ sọ́jà?"

Ọ̀rọ̀ dákẹ́ síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ irú ilé-ìwé yìí ti wà nínú ìbéèrè méjì tí obìnrin náà bi ọkọ rẹ̀. Owó rẹ̀ ò kéré bí wọ́n ṣe rò. Ọjọ́ ni wọ́n fi ń san apá kan lára rẹ̀, ọjọ́ yẹn sì gbọ́dọ̀ jáde lára ẹnì kan. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, wọn kì í dárúkọ ẹni náà títí iṣẹ́ á fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ṣáà ní "a ó máa lọ." Ta ni "a"?

Ẹ bá wọn ṣírò rẹ̀. Ìdílé mẹ́wàá, òbí méjì lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìjókòó mẹ́wàá nìyẹn, ìdílé kọ̀ọ̀kan á ní ọ̀kan lọ́sẹ̀. Tí wọ́n bá di ogún ìdílé, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni yóò máa kàn wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ á ti pọ̀ ju ohun tí yàrá kan àti tíṣà kan lè gbà lọ. Àwọn ẹgbẹ́ kan sì wà tó jẹ́ pé orí ọmọ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ìdílé. Ẹni tó bá bí ìbejì, ọjọ́ tiẹ̀ ti di méjì nìyẹn.

Oníṣòwò tó bá ń ná ọjà ọrọọrún tún ní ìṣòro kan tí olówó-oṣù ò mọ̀. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ni súkúù ń lò, ọjà ọrọọrún ò mọ ìyẹn. Bí wọ́n bá ná an lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tún máa ná an, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn náà Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó tún padà sí ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ 28 ló fi ń yí ká, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin géérégé. Ẹni tó bá gba ọjọ́ Ajé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ọjà máa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń kàn án, tó sì lọ bọ́ sí ọjọ́ ọjà lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ìgbà ni yóò máa bọ́ sí i. Ìyá Ìbejì fi ọmọ ìka ka gbogbo èyí láìwo kàlẹ́ńdà. Ọkọ rẹ̀ tó ń fi kàlẹ́ńdà ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ò mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ìbejì ní òun ti rí ojútùú, Màmá á máa lọ. Màmá gbọ́ ọ láti inú yàrá. "Màmá wo? Èmi tí mo tọ́ ẹ̀yin méje, tí orúnkún ń dùn, ẹ tún fẹ́ kí n lọ máa sá tẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ? Méjì ni ọmọ-ọmọ mi tó wà nílé yìí o. Ẹ fi àwọn méjì yẹn sílẹ̀ fún mi níbí, n ò béèrè owó lọ́wọ́ yín."

Bàbá Ìbejì ò rí èsì fọ̀. Òótọ́ sì ni Màmá sọ. Kí ìyá àgbà máa wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ lójúde, kó pa àlọ́ fún wọn, kó gbé wọn sùn lọ́sàn-án, iṣẹ́ kan nìyẹn. Kó dúró lórí ẹsẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin láàárín ọmọ mọ́kànlá, iṣẹ́ mìíràn ni. Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń gbà kí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà dúró fún òbí, àwọn mìíràn kì í gbà. Kéèyàn béèrè ná, kó tó lọ fi orúkọ arúgbó sílẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ dá irú ilé-ìwé yìí sílẹ̀ lókè òkun mọ ẹni tó máa jókòó. Ní 1916, àwọn ìyàwó olùkọ́ ní Yunifásítì Chicago, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, obìnrin méjìlá, kó ọmọ wọn jọ, wọ́n ń ṣètọ́jú wọn ní àṣegbà. Owó oṣù ọkọ ń wọlé ní tiwọn. Ní New Zealand, lọ́dún 1941, ogun àgbáyé kejì ti kó ọ̀pọ̀ ọkọ lọ, àwọn ìyá sì dá ohun tí wọ́n ń pè ní Playcentre sílẹ̀ ní Wellington, kí wọ́n lè rí ara wọn bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì rí àyè mí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyá kan ní London tó ń jẹ́ Belle Tutaev kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Guardian ní 1961 lórí àwọn ọmọ tí kò tíì tó súkúù lọ, tí ìjọba ò pèsè ààyè fún. Nígbà tó fi máa di 1962, ẹgbẹ́ àwọn òbí tó ń ṣe playgroup ti dúró, ó sì tàn ká ilẹ̀ náà. Ti Ítálì ló dùn ún gbọ́ jù. Ní 1945, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, àwọn ará abúlé Villa Cella nítòsí Reggio Emilia ta ọkọ̀ ogun kan, ọkọ̀ akẹ́rù díẹ̀ àti ẹṣin mélòó kan tí àwọn ọmọ ogun Jámánì fi sílẹ̀ sá lọ, wọ́n fi owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé fún ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹ gbọ́ ná, ta ló máa rí ọkọ̀ ogun tà ní Ìyere?

Láàárín ìgbà kan náà tí playgroup ń gbilẹ̀ ní London, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ọkọ ń kàwé, ìyàwó ń ṣiṣẹ́ tàbí kó máa kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Playgroup wà ládùúgbò, owó rẹ̀ ò wọ́n. Àmọ́ wákàtí díẹ̀ láàárọ̀ ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣí lójoojúmọ́, wọ́n tún ń retí pé kí ìyá wá dá sí i. Ìyá tó wà ní ilé ìwòsàn láti àárọ̀, ìgbà wo ló fẹ́ wá? Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ni pé wọ́n fi ọmọ sọ́dọ̀ òyìnbó tí wọ́n ń sanwó fún, tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àwọn kan tiẹ̀ polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World kí wọ́n tó rí ẹni tó máa gbà á. Láti àwọn ọdún 1950 ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Àwọn kan lára ọmọ wọ̀nyẹn padà sọ́dọ̀ ìyá wọn láìgbọ́ Yorùbá, ìyá ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń wò ó bí àlejò. Èyí ni ohun tí àwọn tó ń yin ilé-ìwé àwọn òbí kì í sábà rántí. Ẹni tó lè fi ọjọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí kò lè fi ọjọ́ sílẹ̀, bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò ní í lè wọlé.

Kì í kúkú ṣe pé Yorùbá ò mọ àjọṣe. Àáró wà láti ọjọ́ táláyé ti dáyé. Àwọn àgbẹ̀ tágbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba á kó ara wọn jọ, wọ́n á ro oko ẹnìkan lónìí, wọ́n á ro ti ẹlòmíràn lọ́la, títí á fi kárí. Ẹni tó bá jẹ oko tiẹ̀ tán tí ò wá sí ti ẹnì kejì mọ̀ pé òun ti dáràn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àáró ní òpin. Oko tó bá ti kárí ti parí nìyẹn, kálukú á tú ká di ọdún tó ń bọ̀. Ti ọmọ ò rí bẹ́ẹ̀. Àáró gbogbo ọ̀sẹ̀ ni, fún odidi ọdún méjì tàbí mẹ́ta, nínú òjò, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ara yá àti nígbà tí kò yá. Ìdí nìyí tí ẹni tí wọ́n mọ̀ sí akínkanjú nídìí ọ̀wẹ̀ fi lè ṣe oṣù kan níbẹ̀ kó sì sá.

Àwọn kan á bi wọ́n pé kí ni ìjọba wá ń ṣe. Ọ̀wọ̀ tí Ìyere fẹ̀gbẹ́ tì kì í ṣe ìlú tí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ṣàjèjì sí. Michael Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, tó di ọ̀gá Imade College ní 1947, ló kọ ìwé tí ẹgbẹ́ Action Group gbé ètò ẹ̀kọ́ wọn kà, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti jáde, èyí tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Western Region ní oṣù kìn-ín-ní, 1955. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ò kan jẹ́lé-ó-sinmi. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ẹ̀kọ́ jáde ní 1977, aládàáni ni wọ́n rọ̀ láti ṣe é. Òfin UBE ti 2004 ti wá ka ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ìlànà 2013 sì fi ọdún kan kún un fún ọmọ ọdún márùn-ún kó tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ó dáa. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ká gbà pé tọkọtaya wa ti rí ẹni tó máa lọ. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Owó lè dá ìjà sílẹ̀ nínú irú ẹgbẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbáwí lágbára ju owó lọ. Ìyá kan gbà pé ọmọ tó bá fọwọ́ òsì jẹun, kí wọ́n gbá ọwọ́ náà kó lè mọ̀. Ìyá kejì ní bí Ọlọ́run ṣe dá ọmọ òun nìyẹn, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí ìyá àkọ́kọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, tó gbá ọmọ ìyá kejì lọ́wọ́, ìròyìn á délé kó tó di ìrọ̀lẹ́. "Ṣé bó ṣe ń gbá ọmọ tiẹ̀ náà nìyẹn?" Ọ̀rọ̀ á dé ṣọ́ọ̀ṣì, á dé ọjà. Àwọn tó jọ ń kí ara wọn tẹ́lẹ̀ á máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Ọmọ tìrẹ gan-an á tún mú ọ lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó máa ń ṣeré wọ́ọ́rọ́wọ́ tí ìyá rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, tó bá ti rí ìyá, ó tán, á rọ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀, kò ní í jẹ́ kó gbé ọmọ ẹlòmíràn. Ìbejì ńkọ́? Ọ̀kan á di itan ọ̀tún mú, èkejì á di tòsì. Ó máa ń lọ sílẹ̀ tó bá yá, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ kì í rọrùn.

Tíṣà ló tiẹ̀ yẹ kéèyàn káàánú jù. Òun ló mọṣẹ́, òun ló yẹ kó pàṣẹ nínú kíláàsì, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wá ràn án lọ́wọ́ ni ọ̀gá tó ń san owó rẹ̀ lóṣù. Ìdílé mẹ́wàá, ọ̀gá mẹ́wàá, kò sí nínú wọn tí kò ní ohun tó fẹ́. Ọ̀kan ní kí wọ́n má sọ nǹkan kan àfi Gẹ̀ẹ́sì. Òmíràn ní Yorùbá ló yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́, òun náà sì rí ẹ̀rí mú wá, nítorí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ láti 1970 jálẹ̀ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà ò sì rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Tí wọn ò bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tíṣà ni abẹ gé nínú kíláàsì, pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mú ẹgba wá, pé ọ̀rọ̀ ìbínú di ìta, tíṣà náà ò ní í pẹ́ tó fi máa wá ibòmíràn gbà lọ.

Ṣé irú ilé-ìwé yìí wá dáa? Ó dáa gidi fún ẹni tó bá. Aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lè tì í láàárọ̀ ọjọ́ kan kó sì fi alẹ́ dí i. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ, ibẹ̀ gan-an ló yẹ ẹ́. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọkọ rẹ̀ dé ìlú, tí kò mọ ẹnì kankan, á rí ọ̀rẹ́ níbẹ̀ ju ibikíbi lọ. Àǹfààní tí owó ò lè rà sì wà nínú kéèyàn fojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ òun, kó rí i bí ọmọ ṣe ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, kó rí ọmọ tó ju tiẹ̀ lọ nínú ìwà ìpáǹle kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru á rò pé òun náà lè ṣe é, òun ṣáà wà nílé lọ́sàn-án. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò sùn mọ́jú kọ́ ni wọ́n ń ní kó ṣọ́ ọmọ mọ́kànlá.

Ní ti Ìyá Ìbejì, òun ló fi owó yanjú ọ̀rọ̀. Ó gbé èrè ọjà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó ilé-ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Orí ìbejì ti sọ ọjọ́ wọn di méjì lọ́sẹ̀, ọjà méjì ló sì máa ń kù lóṣù tí kò ní í lè ná. Ohun tó fẹ́ fi pamọ́ níbí ń sọnù lọ́hùn-ún, ó tún ń ṣẹ́kù sí i. Bàbá Ìbejì wò ó, ó ní òun á tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá òun, kí òun máa lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ìyàwó òun máa lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ tí kì í ṣe ti ọjà. Ọ̀gá ní kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Wọ́n sọ fún ìdílé mẹ́sàn-án yẹn pé àwọn ò ní í lè bá wọn dé e lọ́dún yìí, wọ́n sì dúpẹ́. Ìbejì wà lọ́dọ̀ Màmá láàárọ̀ báyìí, tí owó bá gbè wọ́n, wọ́n á lọ sí ti aládàáni ní sáà tó ń bọ̀.

Ẹni tí tiẹ̀ ò tíì yé tó báyìí, kó má tíì san owó ìwọlé. Kó ní kí ẹgbẹ́ jẹ́ kí òun wá jókòó fún oṣù kan ná, ní ọjọ́ tó máa jẹ́ tiẹ̀ gan-an, kó má lọ lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ pé ó ráyè. Kí ọkọ náà lọ lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Kó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe tí ẹni tó kàn ò bá wá: ṣé owó ìtanràn ni, ṣé èèyàn lè fi ẹlòmíràn dípò, ṣé wọ́n sì gbà kéèyàn sanwó dípò ọjọ́. Kó béèrè ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tó ń yẹ ìwé rẹ̀ wò. Kó béèrè bóyá iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ti fọwọ́ sí ilé-ìwé náà, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀, àjọṣe ò sì sọ pé kí ìjọba má mọ̀ sí i. Tí wọ́n bá dáhùn gbogbo rẹ̀ tán, kó lọ sílé, kó mú bébà kan, kí tọkọtaya kọ orúkọ ẹni tó ń lọ sí iwájú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù keje ọdún tó ń bọ̀. Orúkọ ni kí wọ́n kọ síbẹ̀ o, kí wọ́n má kọ "a".